Ìyára Máìlì Kan àti Eré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin: Ohun Tí Ìtàn Fi Kọ́ Wa

Ní oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó, láti pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic. Láti ìgbà náà, àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà ló sábà máa ń gba ipò iwájú. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ yọ láàrin wa, àlàyé kan wà tí ó máa ń yá ènìyàn lẹ́nu. A ó ní eré kúkurú ni tiwa, pé ẹsẹ̀ wa yá jù fún eré ọ̀nà jíjìn. Pé ẹni tí kò bá lè sáré kíákíá ni kí ó lọ gbìyànjú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Òwe àwọn baba wa náà dàbí ẹni pé ó gbè wá lẹ́yìn: asárétete ní í kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ ní í rí oyè jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lásán. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá gbà á gbọ́, òun ni yóò fi yan àwọn ọmọ tí yóò kọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ni yóò fi sínú eré mítà 100 àti 400. Èyí tí kò yára ni yóò tì sí ẹ̀gbẹ́ kan pé kí ó máa sá ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè. Àwọn tí wọ́n ti borí nínú eré ọ̀nà jíjìn láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ǹjẹ́ wọ́n yára? Bí a bá ní kí wọ́n sá máìlì kan péré, ta ni nínú wọn ni yóò gbayì?

Máìlì kan jẹ́ mítà 1,609. Lórí pápá òde òní, ó jẹ́ ìyípo mẹ́rin àti ìṣísẹ̀ díẹ̀ lé e. Kì í ṣe eré kúkurú, bẹ́ẹ̀ ni kò gùn. Ẹni tí yóò sá a dáadáa gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ yíyá, kí ó sì ní èémí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi máìlì wọn asáré gbogbo. Mítà 1,500 tí wọ́n ń sá ní ìdíje Òlíḿpíìkì sì ni àbúrò rẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ ni Paavo Nurmi, ọmọ orílẹ̀-èdè Fínláǹdì. Ní ìlú Stockholm, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1923, ó sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10.4, èyí tí a lè kọ báyìí: 4:10.4. Kò sí ẹni tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ní Òlíḿpíìkì ìlú Paris, ó gba wúrà nínú mítà 1,500 àti mítà 5,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì tó wákàtí méjì tó wà láàrin eré méjèèjì. Ní ọdún 1924 kan náà, àkọsílẹ̀ ayé fún máìlì, fún mítà 5,000 àti fún mítà 10,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀. Bí a bá fi ti Nurmi nìkan dájọ́, ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tó yára jù ní máìlì kan ló borí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé.

Ní ọdún 1952, ní Helsinki, ẹlòmíràn dé tí kò jọ Nurmi rárá. Emil Zatopek ọmọ Czechoslovakia kì í ṣe asáré máìlì. Bí ó bá ń sáré, ojú rẹ̀ á le, orí rẹ̀ á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ohun tí ó fi gba orúkọ ni iṣẹ́. Ó máa ń sá ìyípo kan pẹ̀lú agbára, á rọra sá díẹ̀, á tún sá òmíràn, títí tí yóò fi kà wọ́n tó ogún, ogójì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìyípo ìkẹyìn eré mítà 5,000 ọjọ́ náà, àwọn mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: Chris Chataway ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Schade ọmọ Jámánì àti Alain Mimoun tó ń sáré fún Faransé. Chataway, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló yá lẹ́sẹ̀ nínú eré máìlì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí pápá ti yí kẹ́yìn, Zatopek gba ìta kọjá lára gbogbo wọn. Ó ti rẹ Chataway. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ìgbátí pápá, ó sì ṣubú. Zatopek gba wúrà ní 14:06.6. Ó ti gba ti mítà 10,000 ṣáájú, ó sì tún gba ti máratọ́ọ̀nù tí kò sá rí láyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Bí ó bá jẹ́ pé ara tuntun ni àwọn méjèèjì fi sá ìyípo kan, ó ṣeé ṣe kí Chataway fi Zatopek sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípo kejìlá pẹ̀lú ààbọ̀ ni wọ́n ń sá, kì í ṣe ìyípo kìn-ín-ní. Ìyára tó wà lẹ́sẹ̀ ènìyàn ní òwúrọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kù fún un lẹ́yìn tí ó ti rìn jìnnà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní.

Chataway kò gbàgbé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1954, ní Oxford, òun wà lára àwọn méjì tó ń ṣáájú fún Roger Bannister nígbà tí Bannister di ẹni àkọ́kọ́ tó sá máìlì kan láìpé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ní 3:59.4. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Bern, Vladimir Kuts, ọmọ ogun ojú omi Soviet, sá kúrò lọ́dọ̀ gbogbo wọn nínú mítà 5,000. Chataway ṣe ipò kejì, Zatopek ṣe ìkẹta. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, Kuts àti Chataway tún pàdé ní White City ní Lọ́ńdọ̀nù. Kuts ń sáré lọ, ó ń yára lójijì, ó ń dẹwọ́, ó tún ń yára, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè já sílẹ̀. Chataway kò já. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn títí tó fi ku ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó wá kọjá lára rẹ̀ ní ẹnu ìlà. Àkókò rẹ̀ jẹ́ 13:51.6, ti Kuts jẹ́ 13:51.7. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn, ó sì lòdì sí ti àkọ́kọ́. Bí asáré máìlì bá lè wà pẹ̀lú rẹ títí di ìparí, òun ni yóò jẹ ọ́.

Kuts mọ ẹ̀kọ́ yìí sínú. Lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà ló gba àkọsílẹ̀ ayé padà ní Prague pẹ̀lú 13:51.2. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 1956, Gordon Pirie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó mọ máìlì í sá, tún ṣe ohun kan náà fún un ní Bergen: ó tẹ̀lé e títí, ó fi ẹsẹ̀ yíyá kọjá lára rẹ̀ ní ìparí, ó sì sọ àkọsílẹ̀ ayé di 13:36.8. Òlíḿpíìkì Melbourne ń bọ̀ ní ìparí ọdún kan náà. Kí ni Kuts yóò ṣe? Kò lè ra ẹsẹ̀ tuntun. Ohun tí ó ṣe ni pé ó múra láti rí i pé ẹsẹ̀ Pirie kò ní wúlò fún un tí ìparí bá dé.

Nínú eré mítà 10,000 ní Melbourne, Kuts bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń sá máìlì kan péré. Pirie nìkan ló tẹ̀lé e. Kuts a fò síwájú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Pirie a lé e bá. Kuts a dẹwọ́, a sì tún fò síwájú kí Pirie tó mí kanlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe yí pápá po léraléra. Níkẹyìn, Pirie já. Kuts gba wúrà ní 28:45.6, Pirie, tí ó wà ní ipò kejì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyípo, bá ara rẹ̀ ní ipò kẹjọ. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Kuts tún gba ti mítà 5,000, Pirie sì ṣe ipò kejì. Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ ìparí lè borí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ṣáájú, ní àárín eré, nígbà tí òun pàápàá kò mọ̀ bóyá owó náà yóò tó.

Ẹni tí owó náà kò tó fún ni Ron Clarke ọmọ Ọsirélíà. Ìtàn tirẹ̀ ló dùn mí jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó yára nínú máìlì ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní àgbáyé. Òun ni wọ́n tilẹ̀ fún ní iná Òlíḿpíìkì láti tàn ní Melbourne ní 1956. Nígbà tó dàgbà, ó di ọ̀gá eré ọ̀nà jíjìn. Àkọsílẹ̀ ayé mẹ́tàdínlógún ni ó ṣe. Ní Tokyo, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1964, òun ló ni àkọsílẹ̀ ayé mítà 10,000, 28:15.6, kò sì sí ẹni tí kò gbà pé tirẹ̀ ni wúrà. Ó gbìyànjú ọgbọ́n Kuts: ó ń yára, ó ń dẹwọ́. Àwọn ènìyàn ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tí agogo ìyípo ìkẹyìn lù, ẹni méjì ṣì wà lára rẹ̀ tí kò retí: Mohammed Gammoudi ọmọ Tùnísíà, àti Billy Mills, ọmọ ẹ̀yà Lakota láti Amẹ́ríkà, ẹni tí àwọn oníròyìn kò kà sí rárá. Mills fò kọjá lára àwọn méjèèjì ní ìparí, ó gba wúrà ní 28:24.4. Gammoudi gba fàdákà, Clarke gba idẹ.

Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa. Ẹni tó gba wúrà fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án lọ́ra ju àkọsílẹ̀ Clarke lọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Clarke sá ìrìn kan náà ní Oslo ní 27:39.4, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò rí. Síbẹ̀, kò gba wúrà Òlíḿpíìkì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Aago kò fẹsẹ̀ sáré lé ènìyàn. Ènìyàn ni ó ń fẹsẹ̀ sáré lé ènìyàn. Ní 1966, Zatopek gbà á lálejò ní Prague, nígbà tí ó sì ń sìn ín lọ, ó fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Clarke tú u wò, ọ̀kan nínú wúrà Helsinki tí Zatopek gbà ní 1952 ni.

Kí a tó wá sọ pé ẹsẹ̀ ìparí ni ohun gbogbo, ẹ jẹ́ kí a dé Mexico City ní 1968. Kip Keino ọmọ Kẹ́ńyà gba wúrà mítà 1,500 níbẹ̀. Ó fi Jim Ryun, ọ̀gá máìlì ayé ní àsìkò náà, sẹ́yìn réré. Kò sí asáré mítà 5,000 kan níbẹ̀ tó lè fi máìlì díje pẹ̀lú Keino. Síbẹ̀, nínú mítà 5,000, Gammoudi tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló gba wúrà. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó fi ṣáájú Keino. Àìsàn wà lára Keino, eré sì ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ìyára máìlì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sápò tí yóò sì bá a níbẹ̀ nígbàkigbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí tó fojú hàn jù, kí ó wo àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ní 2003 àti 2004. Hicham El Guerrouj ọmọ Mòrókò ni àkọ́kọ́. Òun ló sá máìlì kan ní 3:43.13 ní Róòmù ní 1999. Kenenisa Bekele ọmọ Etiópíà ni ìkejì, akọni mítà 10,000. Ìkẹta ni ọmọ Kẹ́ńyà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, Eliud Kipchoge. Ní Paris, ní oṣù Kẹjọ 2003, wọ́n pàdé nínú mítà 5,000 ìdíje àgbáyé. Eré náà gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìparí, ẹsẹ̀ El Guerrouj ti wúwo díẹ̀: Kipchoge 12:52.79, El Guerrouj 12:52.83, Bekele 12:53.12. Ní ọdún kejì, ní Òlíḿpíìkì Athens, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rọra sáré. Gbogbo ìyára El Guerrouj ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí agogo lù: El Guerrouj 13:14.39, Bekele 13:14.59, Kipchoge 13:15.10. Ó ti gba ti mítà 1,500 ṣáájú, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gba méjèèjì pọ̀ láti ìgbà Nurmi, ọgọ́rin ọdún gbáko.

Ènìyàn mẹ́ta kan náà, ìrìn kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe sá ìyípo mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí eré bá gbóná, ìyára máìlì a yọ́ bí òrí àmọ́. Bí eré bá tutù, òun ni ọba.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, ó dára, ti orí pápá nìyẹn; máratọ́ọ̀nù ńkọ́, níbi tí ó ṣọ̀wọ́n kí ìparí di eré àfẹsẹ̀fò? Ibí gan-an ni ìṣirò ti ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní Chicago, ní oṣù Kẹwàá 2023, Kelvin Kiptum ọmọ Kẹ́ńyà, tí ikú mú lọ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35. Bí a bá pín in, máìlì kọ̀ọ̀kan gbà á ní nǹkan bí 4:36, ó sì sá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n irú rẹ̀ ní àsáyé. Nínú mítà 10,000, Joshua Cheptegei ọmọ Ùgáńdà sá 26:11.00 ní Valencia ní 2020. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 4:13 fún máìlì kọ̀ọ̀kan, máìlì mẹ́fà àti díẹ̀ lé. Ẹ rántí 4:10.4 ti Nurmi, tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún. Ohun tí Nurmi ṣe lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, Cheptegei fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láìdúró.

Nítorí náà, arìngbẹ̀rẹ̀ kò rí oyè jẹ mọ́ nínú eré yìí. Kipchoge tí a ń sọ, ẹni tó wá di akọni máratọ́ọ̀nù, tó gba wúrà Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, tó sì sá 2:01:09 ní Berlin ní 2022, ti sá máìlì kan ní 3:50.40 ní ìgbà èwe rẹ̀. Ní Berlin, 4:37 ni ó ń sá máìlì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdá 83 nínú 100 ìyára máìlì rẹ̀ ni ó ń lò. Ẹni tí gbogbo agbára rẹ̀ kò lè ju 4:20 lọ fún máìlì kan yóò ní láti lo ìdá 94 fún wákàtí méjì gbáko kí ó tó lè bá a rìn. Kò sí ara ènìyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìyára yẹn nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Jakob Ingebrigtsen ọmọ Nọ́wè, ẹni tó gba wúrà mítà 5,000 ní Òlíḿpíìkì Paris ní oṣù tó ṣáájú, sá ìdajì máratọ́ọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Copenhagen. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aṣáájú. Kò sí ẹni tó lè bá a sá máìlì kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí eré tó parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ayé kò mọ orúkọ wọn ti kọjá lára rẹ̀. Ó parí ní 1:03:13. Ẹsẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ẹsẹ̀ náà ní ọ̀nà yẹn.

Kí wá ni ìdájọ́? Ìyára máìlì kan ni ìwé àṣẹ ìwọlé, kì í ṣe adé. Ẹni tí kò bá ní in kò ní lè dé ibi tí wọ́n ti ń pín wúrà lóde òní. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ bíi ti Zatopek kún un, kí ìyára náà lè kù fún un nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Bí ẹni méjì bá sì ṣe iṣẹ́ dọ́gba, tí wọ́n dé ìparí pọ̀, ẹni tó yára jù ní máìlì ni yóò gbé e lọ, àyàfi bí èkejì bá ní ìgboyà Kuts láti ba ìparí náà jẹ́ kí ó tó dé.

Èyí ni ó mú kí àlàyé tí a máa ń ṣe nílé kùnà. A ní ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn lẹ́yìn tí Falilat Ògúnkọ̀yà ti gba idẹ mítà 400 ní Atlanta ní 1996. Ẹsẹ̀ yíyá kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà máratọ́ọ̀nù. Ohun tí a kò tíì ṣe ni kí a mú ọmọ tó yára, kí a má fi í sílẹ̀ fún mítà 400 nìkan, kí a sọ fún un pé kí ó sá ìyípo kejì, àti ìkẹta, àti ìkẹrin, kí a sì mú sùúrù fún un fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́ pé kò yára, òun kọ́ ni yóò bá ará Kẹ́ńyà dé Eko Atlantic. Ọmọ tó yára jù nínú ọgbà ilé-ìwé ni, bí ẹnikẹ́ni bá lè yí i lérò padà kí ó tó gbàgbọ́ pé eré ọ̀nà jíjìn kì í ṣe tirẹ̀.